Mo Pa Orúkọ Àbúrò Mi Rẹ́ Kúrò Lára Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣàánú mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sunkún, kó tọ́jú omijé rẹ̀ fún ẹni tó yẹ. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí ọ̀gá mi, inú ń bí mi sí gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ti ara mi ló pọ̀ jù. Tí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀ tí mo rí ojú ara mi nínú dígí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Ọmọ ìyá mi ni mo dà. Kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe aládùúgbò. Ọmú kan náà la jọ mu.

Iṣẹ́ ìkànnì lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà láti rí dókítà, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ nílé ìwé, ẹ̀ ń rí ibi tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ sí lójú fóònù yín, ẹ̀ ń rí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀, ẹ̀ ń rí ọ̀rọ̀ pupa tó ní ẹ ti ṣàṣìṣe. Ẹnì kan ló jókòó tó ṣe wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wá.

Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi náà ni mo mú un wọ ilé-iṣẹ́ wa: yàrá gbọọrọ kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì, àwa méje, fèrèsé méjì, ọ̀kan nínú wọn wà nínú yàrá kékeré tó wà ní ìkángun, àti ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń kán omi sórí tábìlì mi.

Kó tó dé, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́tìnnì tiẹ̀. Bí ẹni tó ń gbẹ́ ṣíbí tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jẹun la ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí oníbàárà bá ní ká sọ bọ́tìnnì aláwọ̀ ojú ọ̀run di aláwọ̀ ewé, ibi mọ́kànlá la máa lọ tún un ṣe. Ìkejìlá tá a gbàgbé ló máa ń dójú tì wá.

Àbúrò mi wò wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń kọ́lé, ṣé bíríkì kọ̀ọ̀kan ló máa ń pilẹ̀ ronú lé lórí ni? Ẹ jẹ́ ká mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kó gún régé, ká wá máa lò ó níbi gbogbo."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Bíríkì. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, èmi gan-an wá ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó ṣe bọ́tìnnì, ó ṣe kàlẹ́ńdà, ó ṣe àtẹ tí orúkọ èèyàn máa ń tò sí, títí ó fi pé ẹ̀yà mẹ́tàlélógójì. Ó kó gbogbo wọn sójú kan, ó pè é ní Àpótí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ ṣe ojú ìwé tuntun, inú Àpótí ló máa lọ, á mú èyí tó fẹ́. Tó o bá tún nǹkan ṣe nínú Àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tún ṣe lójú ìwé gbogbo oníbàárà wa nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n ẹ rántí o," Bíríkì máa ń sọ, "tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bàjẹ́ níbi gbogbo nìyẹn."

Ìdí rèé tó fi ń kọ àkọsílẹ̀ sórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ò nílò rẹ̀, èèyàn ló kọ ọ́ fún: ohun tí ẹ̀yà náà wà fún, ẹni tó béèrè fún un, ìdí tó fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Àwọn kan gùn bíi lẹ́tà. Mo ní, "Bíríkì, ta ló fẹ́ ka gbogbo ìwọ̀nyí?"

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mi ò ka ẹyọ kan rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè dé ibi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ọ̀gá wa kó àlejò wá, àwọn tó ń bójú tó ilé ìwòsàn bíi mẹ́rin. Ọ̀gá wa fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Ẹni tó ń bá a nù ún kì í ká a lára. Ó ṣí Àpótí sójú ògiri, ó ń fi bọ́tìnnì hàn wọ́n bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun hàn.

Obìnrin kan nínú wọn béèrè pé, "Ta ló ṣe iṣẹ́ ribiribi yìí?"

Ọ̀gá ò mọ̀. Kò béèrè rí. Ó wo yàrá yí ká, ojú rẹ̀ bà lé mi torí pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. "Obìnrin wa yìí ni. Òun ni àgbà wọn."

Mo la ẹnu. Mo fi ohun gbogbo búra, mo la ẹnu láti sọ pé àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti na ọwọ́ sí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làákàyè!" Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Mo pa ẹnu dé, mo bọ obìnrin náà lọ́wọ́.

Ká tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn ni Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "A máa fi ẹnì kan ṣe olórí Àpótí. Òun ló máa ni yàrá tó ní fèrèsé yẹn. Ìwọ ni mo rò. Kó gbogbo ẹ̀ wá sí ibùdó ilé-iṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé."

Ipò tí Bíríkì ń lálàá rẹ̀ rèé. Ó ti sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn pé tóun bá dìde, òun máa ní kí Ọ̀gá dá ipò náà sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe jalè, torí pé olè lorúkọ ẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, orí ẹ̀rọ tá à ń pè ní ibùdó là ń kó iṣẹ́ gbogbo wa sí, ó sì máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. O ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n tó o bá da iṣẹ́ nìkan kọ, tó o fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, tó o wá kó o sí ibi tuntun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tó kó o wá ni ẹ̀rọ máa kọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, orúkọ mi ni.

Ó wá ku àwọn àkọsílẹ̀. "Èmi Bíríkì" ló bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo pa fún kọ̀ǹpútà, ó gbá gbogbo wọn dà nù. Tíì tí mo gbé kalẹ̀ ò tíì tutù tí mo fi parí.

Mo délé, mo fún un lógùn rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ ń ṣe bí ìyá fún mi."

Mo ní kó tètè gbé omi mu.

Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò tó wákàtí kan tó fi wá bá mi nínú yàrá onífèrèsé. Ó rù, ẹ̀wù rẹ̀ ń gbọ̀n lára rẹ̀. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí Àpótí. Orúkọ yín ni mo rí."

"Ọ̀gá ló ní kí n kó o wọ ibùdó. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Àwọn àkọsílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gùn jù. Bíríkì, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Àní orúkọ bàbá wa ló wà níbẹ̀. Ṣé orúkọ tèmi àti tìẹ kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, ẹ fi tèmi síbẹ̀."

Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ìbínú ló máa ń sá bá. Mo ní, "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo kọ́ ẹ níṣẹ́?" Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n máà bínú, ó jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi àgbà yìí, èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

Kò sì tán síbẹ̀. Ọ̀gá bi mí pé ibo ni ká fi àbúrò mi sí. Mo fi ohùn ìyá dá a lóhùn: "Ara rẹ̀ ò tíì le dáadáa, sà. Ẹ jẹ́ kó máa gbé fóònù oníbàárà fúngbà díẹ̀." Mo gba kọ́kọ́rọ́ Àpótí, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọlé síbẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ti ń gbá a ní ìgbọ̀nwọ́.

Ilé ìwòsàn ojú kan wà lára oníbàárà wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn pè mí pé, "Bọ́tìnnì yín ń tòògbé o. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ di eérú, á máa wò wá."

Mo ṣí i. Mo rí i pé lóòótọ́ ni, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kó sùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Òkè ìlà yẹn gan-an ni àkọsílẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, mo sì ti gbá a dà nù. Mo lè dìde, kí n rin ìgbésẹ̀ ogún dé ẹnu ọ̀nà, kí n bi í pé, "Bíríkì, kí ló dé tí bọ́tìnnì yìí fi ń sùn?" Ìgbésẹ̀ ogún péré.

Ṣé kí olórí Àpótí lọ máa bi ẹni tó ń gbé fóònù léèrè ohun tó wà nínú Àpótí? Mo pa ìlà náà rẹ́. Bọ́tìnnì jí. Ọ̀gá ilé ìwòsàn pè láti dúpẹ́, Ọ̀gá tiwa gbá mi léjìká, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ àgbà!"

Ọjọ́ kẹta, Bíríkì kanlẹ̀kùn mi, ìwé tó ń kọ ìpè sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwòsàn ojú pè. Wọ́n ní orúkọ àwọn aláìsàn kan ń pòórá lórí àtẹ."

"Sọ fún wọn kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn."

Ọjọ́ karùn-ún, ó tún wá. "Wọ́n tún pè. Ilé ìwé náà pè, wọ́n ní orúkọ ọmọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ọjọ́ kẹjọ, kò kanlẹ̀kùn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló jí bọ́tìnnì yẹn lójú oorun?"

Mo ní, "Kí nìyẹn ń jẹ́?"

"Èmi ni mo ní kó sùn. Mo ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo tún un ṣe. Ẹ gba ọpẹ́ ẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ sáà jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yẹn sọ. Ó ní kí n gba ọpẹ́. Ó ti gbà kí n jẹ iṣẹ́ òun mọ́lẹ̀, ìyà àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èmi ńkọ́? Ohun tí mo rò ni pé tó bá fọwọ́ kàn án lónìí, tiẹ̀ ló tún dà nìyẹn.

Mo ní, "Dojú kọ fóònù ẹ."

Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa, mà." Láti kékeré, kò pè mí ní mà rí.

Ọjọ́ kejìlá, Ọ̀gá já wọ yàrá mi. "Ilé ìwòsàn ojú ní ká máa bọ̀ kíákíá. Mú Bíríkì dání, wọ́n fẹ́ rí ìwé ìpè. Kí lo ṣe sí bọ́tìnnì yẹn?"

Ọ́fíìsì Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n kó wa sí. Tábìlì irin, fáànù tó ń pariwo, àti pátákó lẹ́tà tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi lókè, tó sì ń kéré lọ sísàlẹ̀. Obìnrin kan jókòó sábẹ́ pátákó náà. Wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ òsì. Télọ̀ ni, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì dì í lápá mú.

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti obìnrin yìí ná."

Télọ̀ kò wo ẹnikẹ́ni. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo wá síbí. Ojú ń ro mí bíi kó jábọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe ìkẹta. Ẹni tó wà níwájú mi wọlé, ẹni tó wà lẹ́yìn mi wọlé. Mo dìde, mo béèrè. Wọ́n ní mo ti wọlé. Mo ní ibo ni mo wọlé sí? Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, kí n padà wá lọ́la. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà ló mọ̀ mí jù ni, àbí èmi ni mo mọ ara mi jù?"

Ó fi ọwọ́ kan báńdéèjì náà.

"Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta ni dókítà fúnra rẹ̀ bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo di ojú mú, tí mò ń ké. Ó ní ká ní mo wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ojú náà ì bá má lọ. Abẹ́rẹ́ ni mò ń fi òwú sí, ẹ̀yin èèyàn. Abẹ́rẹ́! Ta ni kí n bi?"

Ọ̀gá yíjú sí mi. Òógùn bò ó. "Ìwọ lo ṣe é. Ṣàlàyé fún wọn."

Mo dìde. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ṣì lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ojú obìnrin náà ti lọ, òtítọ́ ló kù tí mo lè fún un. Ohun tó jáde lẹ́nu mi rèé: "Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe bọ́tìnnì yẹn. Bíríkì ni. Àṣìṣe tiẹ̀ ni."

Bíríkì gbé orí sókè.

Ọ̀gá ní, "Bíríkì báwo? O gba ọpẹ́ pé ìwọ lo ṣe gbogbo ẹ̀." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé e síwájú gbogbo wa, ó ní kí ẹ̀rọ sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mi. Ó sún un sísàlẹ̀. Orúkọ mi. Ó sún un, ó sún un. Orúkọ mi, orúkọ mi, orúkọ mi, títí dé ọjọ́ tí mo jí bọ́tìnnì, òun náà, orúkọ mi.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Mo ti nu àbúrò mi kúrò níbẹ̀ débi pé kò sí ibi tí mo lè so ẹ̀bi mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá ní, "Orúkọ ẹ̀ dà níbí?"

Bíríkì ló dáhùn. "Ó wà níbi tí mo kọ ọ́ sí, sà." Ó mú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ jáde nínú báàgì. Àpótí àtijọ́ wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀ kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Ó ṣí bọ́tìnnì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìbínú ló fi ń kà á.

"'Èmi Bíríkì. Mo jókòó sí ilé ìwòsàn ojú láti àárọ̀ dọ̀sán. Tí aláìsàn bá ti wọlé sọ́dọ̀ dókítà, Nọ́ọ̀sì àgbà á tẹ bọ́tìnnì tó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà á kúrò, tàwọn tó kù á sún sókè. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń falẹ̀, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ́ sórí ẹni tó kàn, òun náà á sì di ẹni tó ti wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbogbo bọ́tìnnì orí àtẹ jọ sùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Wọ́n máa ní ó ń falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i.'"

Nọ́ọ̀sì àgbà fò dìde. "Ọmọ yìí ni! Òun ló jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn, tó ń wo ọwọ́ mi! Mo tiẹ̀ bi í pé ṣé ọwọ́ mi lẹ́wà ni." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ apá. "Áà! Ọwọ́ mi yìí náà ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, mà," ni Bíríkì wí.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ó parí síbẹ̀?"

Bíríkì ní, "Ó ku ìlà kan." Ó wò mí. Ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà dé, àánú mi ló ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Télọ̀ ní, "Kà á, ọmọ mi. Kà á tán."

Ó kà á. "'Tí mi ò bá sí nítòsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò sí ohun tí mo ṣe níbí tí kò mọ̀.'"

Ìlà yẹn wà níparí gbogbo wọn. Níparí àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n bi mí. Èyí tí mo gbá dà nù láìkà, èmi ló fi yangàn síbẹ̀.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe jókòó. Mo mọ̀ pé Télọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo? Ìyẹn tó dúró yẹn?" Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màámi." Obìnrin náà yí gbogbo orí rẹ̀ sí mi kí ojú ọ̀tún rẹ̀ lè rí mi dáadáa. Kò ṣépè. Ká ní ó ṣépè ni, ǹ bá máa rí oorun sùn lóru.

Bíríkì gba kọ́kọ́rọ́ Àpótí lójú gbogbo wa, ó fi oorun bọ́tìnnì padà síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló tọrọ lọ́wọ́ mi.

Nínú ọkọ̀ tá a bá padà, Ọ̀gá ń lu ọwọ́ mọ́tò. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọmọ yìí ló ṣe é?"

Bíríkì ní, "Ẹ ò béèrè rí, sà."

Ọ̀gá fi yàrá onífèrèsé lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Bíríkì kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n dá ìtàn iṣẹ́ òun padà sí ibùdó ilé-iṣẹ́, kí wọ́n dá gbogbo àkọsílẹ̀ padà bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tí ìyẹn parí, ó kó ife rẹ̀ àti ìwé ìpè rẹ̀, ó lọ. Ó kó kúrò nílé náà. Ìyá wa ló bá a di ẹrù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìyá wa ò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. "Ìwọ ni mo fi í sí lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Ta ni kí n tún wá fi ìwọ sí lọ́wọ́?"

Mo lọ bẹ Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tẹ orí ba ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ tẹnu mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ibi tẹ́ ẹ kúnlẹ̀ sí yẹn, ẹ̀ ń dí mi nímọ́lẹ̀."

Ọ̀gá ò lé mi. Ó ní ká má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde síta, torí kí nǹkan lè máa dán. Ó gbé mi sídìí fóònù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo fi àbúrò mi sí. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ń gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ó tọ́ sí mi. Tẹ́nì kan nínú yín bá wà níbi iṣẹ́ báyìí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí iṣẹ́ ẹlòmíì, kó la ẹnu kí àtẹ́wọ́ náà tó dákẹ́. Kò ní gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti dákẹ́, ẹnu yẹn ò ní là mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tuntun tí wọ́n gbà láti máa bójú tó Àpótí wá bá mi nídìí fóònù. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kàlẹ́ńdà yìí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, ohun kan ò yé mi. Àkọsílẹ̀ ní ká bi ẹ̀gbọ́n ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Mo rí ìlà náà. Kò sí ohun tí mo ṣe níbí tí kò mọ̀.

Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mi ò mọ ọ́n rí."

Òtítọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ nípa Àpótí nínú ilé yẹn nìyẹn.

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó ní, "Háà. Irọ́ wá ni ìlà yìí nìyẹn. Ṣé kí n kúkú pa á rẹ́?" Ó ti na ìka.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Fóònù já bọ́. Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí mi, torí igbe tí mo ké mọ́ ọn, wọ́n gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì:

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Má pa á rẹ́!"